Lápútọ́ọ̀pù tuntun ń bọ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní: ṣé ká ra èyí tó wà ńlẹ̀ ni, àbí ká dúró?

Àdìsá_Abẹ́òkúta · 6 Oṣù Kejìlá 2025

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Manchester fún Kérésìmesì, ó sì ní òun lè bá mi mú lápútọ́ọ̀pù kan bọ̀, ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ tòkunbọ̀. Iṣẹ́ tí mo ń fi ṣe kò ju àwòrán ìpolówó, ìwé ìpè òde àti fídíò kéékèèké tí àwọn oníbàárà ń gbé sórí WhatsApp. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ti sú mi. Bí mo bá ṣí Photoshop àti Chrome papọ̀, fáànù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pa á, bí wọ́n bá sì mú iná, kí n tó tẹ "save" ó ti kú.

Ohun tó dá mi dúró ni pé gbogbo ibi tí mo bá yà sí ni wọ́n ti ń sọ pé processor tuntun Intel (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ń bọ̀, Apple ń múra MacBook olówó pọ́ọ́kú sílẹ̀, Qualcomm náà ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ ra ohun tí yóò di ògbólógbòó kí ọdún tuntun tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ló ń bọ̀ gan-an? Àti pé bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ rà, kí lẹ ó máa wò lára rẹ̀?

Táyé_Peckham · 6 Oṣù Kejìlá

Àdìsá, ẹ kú ìmúra ọdún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ohun tó dájú sọ́tọ̀ kúrò lára àhesọ.

Èyí tó dájú ni ti Intel. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ni wọ́n ti fi Panther Lake, processor tuntun wọn fún lápútọ́ọ̀pù, han aráyé. Ilé iṣẹ́ wọn ní Arizona ni wọ́n ti ń ṣe é, lórí ọ̀nà tuntun tí wọ́n pè ní 18A, wọ́n sì ní oṣù Kìn-ín-ní 2026 ló máa kún ọjà. CES, ìpàtẹ ńlá ti Las Vegas, máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù náà, ibẹ̀ sì ni Lenovo, HP, Dell àti Asus ti máa ń tú àpò wọn sílẹ̀. Qualcomm ti kéde processor tirẹ̀, Snapdragon X2 Elite, láti oṣù Kẹsàn-án. Ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 2026 ni wọ́n dá fún àwọn ẹ̀rọ tó máa lò ó.

Ó wá ku àhesọ. Ilé iṣẹ́ ìròyìn Bloomberg gbé e jáde ní oṣù Kọkànlá pé Apple ń ṣe MacBook kan tí owó rẹ̀ kò ní dé $1,000 rárá, pé ìdajì àkọ́kọ́ 2026 ló máa jáde. Ming-Chi Kuo, ẹni tó máa ń tú àṣírí iṣẹ́ Apple, ti sọ ní oṣù Kẹfà pé A18 Pro ló máa wà nínú rẹ̀, ìyẹn ṣíìpù inú iPhone 16 Pro. Wọ́n tún ní MacBook Pro olójú OLED, tó ṣeé fọwọ́ tẹ̀, ń bọ̀ ní ìparí 2026 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 2027. Bẹ́ẹ̀ Steve Jobs, ọ̀kan lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀, fúnra rẹ̀ ló dúró lórí pèpéle ní 2010 tó ní ojú kọ̀ǹpútà tó dúró ṣánṣán kò ṣeé máa fọwọ́ tẹ̀, pé apá á máa ro èèyàn. Ẹnu àgbà kan kì í pẹ́ yẹ̀ ní ilé iṣẹ́ yẹn.

Ní tèmi, bó bá jẹ́ tuntun lẹ fẹ́, ẹ má ra ohunkóhun ní ọ̀sẹ̀ tó bá jáde. Ìgbà yẹn ni owó rẹ̀ máa ń ga jù. Èyí tó wà lórí àtẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń já owó rẹ̀ wálẹ̀, òun ni kí ẹ máa ṣọ́.

Kí n má gbàgbé: bó bá jẹ́ MacBook Pro M5 tó jáde ní oṣù Kẹwàá ni ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ rà níbí, kò sí ṣájà nínú páálí rẹ̀ o. Ní UK àti ní Yúróòpù, wáyà nìkan ni wọ́n fi sí i. Ẹ tètè sọ fún un kó má baà dé Abẹ́òkúta kó wá máa wo ojú yín.

Ẹnjiníà_Ọ̀tígbà · 6 Oṣù Kejìlá

Táyé, ẹ ṣeun, àlàyé yín yé wa. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti fẹ́ takò yín, ìyẹn "ẹ dúró kí ti àtijọ́ já wálẹ̀". Lọ́dọọdún ni ìmọ̀ràn yẹn máa ń ṣiṣẹ́. Mi ò rò pé yóò ṣiṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

RAM ló fà á, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú RAM gbogbo ayé: Samsung àti SK Hynix ní Korea, Micron ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń kọ́ ilé kọ̀ǹpútà ràgàjì fún AI ń sanwó ohun tí wọn ò tíì ṣe jáde pàápàá, owó ńláńlá sì ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta lẹ máa kọjú sí bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni ilé iṣẹ́ náà? Ní ọjọ́ 3 oṣù yìí, Micron kéde pé òun máa pa Crucial, orúkọ tó fi ń ta RAM fún aráàlú, tì, pé lẹ́yìn oṣù Kejì 2026 òun ò ní kó o fún ọjà aráàlú mọ́. Crucial yìí kan náà ni à ń bẹ oníṣòwò pé kó bá wa wá, bí a ò bá fẹ́ ayédèrú. Ní Ọ̀tígbà níbí, ọjà kọ̀ǹpútà wa ní Èkó, iye tí wọ́n bá pè fún RAM ní àárọ̀ lè má jẹ́ iye tó o máa bá ní ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí mo rí ni pé àwọn tó máa jáde ní CES á gbówó lórí, bí wọn ò bá sì gbówó lórí, wọ́n á fi 8GB síbi tó yẹ kí 16 wà. Èyí tó wà lórí àtẹ lónìí, owó tàná ni wọ́n fi ra RAM inú rẹ̀. Ẹni tó bá rí 16GB lóṣù yìí, kó má fojú di í.

Ní ti ohun tó yẹ ká máa wò, ẹ wá wo ohun tó ń dé orí tábìlì mi. Oníbàárà á gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń dán wá, 8GB, á ní kí n sọ ọ́ di 16. Mo ṣí i, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo pa á dé. Ẹni tó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 8GB dà bí ìyá tó rán aṣọ ọdún fún ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ ní ìṣẹ́po ẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, kì í ṣe ìkà nìkan ni wọ́n fi ń jó o mọ́ ọn. LPDDR5X, irú RAM tó ń jẹ́ kí bátìrì pẹ́, ń sáré débi pé ihò RAM àtijọ́ kò lè bá a rìn; ọ̀nà tó máa gbà dé ọ̀dọ̀ processor gbọ́dọ̀ kúrú gan-an. Ní 2024, Intel tiẹ̀ gbé RAM sórí processor fúnra rẹ̀ nínú Lunar Lake: 16 tàbí 32, èyí tó o bá ti rà, ó tán nìyẹn. Àmọ́ ọ̀nà àbáyọ ti wà. Wọ́n ń pè é ní LPCAMM2, pátákó RAM pẹrẹsẹ kan tí wọ́n fi síkírúù dè mọ́ bọ́ọ̀dù, tó lo LPDDR5X kan náà, tó sì ṣeé tú. Lenovo lò ó nínú ThinkPad P1 Gen 7 ní 2024, ẹ̀rọ olówó ńlá. Bí wọ́n bá bi mí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ láti Las Vegas, òun nìyẹn. Iye core ò kàn mí. Kí wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tí olùkọ́ lè rà.

Ọmọ_Ẹ̀rín · 6 Oṣù Kejìlá

Èmi ń dúró de èyí tó máa bá mi gbé ìpè ọ̀gá mi ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bó bá jáde ní CES, ẹ ta mí lólobó.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀ · 7 Oṣù Kejìlá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ mi o, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó ń ra tuntun? Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, tòkunbọ̀ ni, bí ẹnì kan bá gbé tuntun wọlé gbogbo yàrá ló máa gbọ́.

Bátìrì ni mò ń wá. Kí n lè máa kọ iṣẹ́ mi lọ láti ìgbà tí iná bá lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn kan ní kí n lọ ra MacBook Air M1 ti 2020, pé kò ní fáànù, pé bátìrì rẹ̀ ò mọ ohun tó ń jẹ́ àárẹ̀. Àwọn mìíràn ní ThinkPad T480 ni, pé bátìrì méjì ló ní, pé èèyàn lè yọ ọ̀kan kó fi òmíràn sí i láìpa ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá Ẹnjiníà, ṣé òótọ́ ni? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́?

Ẹnjiníà_Ọ̀tígbà · 7 Oṣù Kejìlá

Àbúrò, òótọ́ ni. T480 jáde ní 2018. Bátìrì kékeré 24Wh (Wh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì ń gbé) wà nínú, èyí tó wà lẹ́yìn ṣeé yọ, ó sì ní irú tó tóbi tó 72Wh. Bó o bá yọ ti ẹ̀yìn, ti inú á gbé e dúró títí wàá fi ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ihò RAM méjì ló ní. Nígbà tí T490 dé ní 2019, wọ́n ti mú bátìrì ẹ̀yìn lọ, wọ́n sì ti jó apá kan RAM mọ́ bọ́ọ̀dù. Ìdí? Tín-ín-rín. Àwọn ará ọ́fíìsì lókè òkun tí iná kì í lọ níbẹ̀ fẹ́ ohun tó fúyẹ́ nínú báàgì. Àwọn ni wọ́n ń rà á ní tuntun, nítorí náà àwọn ni wọ́n ń ṣe é fún. Ọdún mẹ́rin márùn-ún lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n yàn ni àwa á wá máa bá yí.

Ohun tí àwọn èèyàn ò sì mọ̀ nípa T480 nìyí: Windows 10 ti tán láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún yìí. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ààbò máa gbà á títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 2026, ó parí. Windows 11 kò sì gba Intel tó bá kéré sí ìran kẹjọ. T480 tó ní processor ìran kẹjọ bọ́ sí i. T470 tó ṣáájú rẹ̀, tó jọ ọ́ bí ìbejì, kò bọ́ sí i. Àwọn oníṣòwò mọ̀, oníbàárà ni kò mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ lókè òkun ti ń kó àwọn tí kò gba Windows 11 dànù, èrò mi sì ni pé ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú wọn máa gúnlẹ̀ sí lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ máa rí ìran kẹfà àti ìkeje tó mọ́ tónítóní, tí owó rẹ̀ máa dùn lẹ́nu. Bó bá jẹ́ Linux lo fẹ́ fi sí i, rà á, kò burú. Bó bá jẹ́ Windows, fi í sílẹ̀.

Ìyá_Kafé_Bódìjà · 7 Oṣù Kejìlá

Ẹ kú àsọyé. Èmi ò ka processor, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ àwọn ènìyàn ni mò ń tẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ra Snapdragon nítorí bátìrì.

Ọmọ mi ọkùnrin gbé ọ̀kan bọ̀ láti Kánádà. Bátìrì rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ó ń ṣiṣẹ́ títí ó fi máa sú èèyàn. Ó gbé e wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n máa lò ó. A so ẹ̀rọ ìtẹ̀ka mọ́ ọn, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. A so printer àgbà mi mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ kan náà. Ó gbé e padà sílé lọ́jọ́ yẹn.

Táyé_Peckham · 7 Oṣù Kejìlá

Ìyá Kafé, ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn gan-an. Snapdragon kì í ṣe ìdílé kan náà pẹ̀lú Intel àti AMD, ARM ni. Windows ní ohun tí wọ́n ń pè ní Prism tó ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ètò tí wọ́n kọ fún Intel, Photoshop, Chrome àti Word sì ti ní ti ARM fúnra wọn, nítorí náà wọn ò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n driver tó ń bá printer tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka sọ̀rọ̀ kò sí lábẹ́ ògbufọ̀ yẹn. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ló gbọ́dọ̀ kọ ti ARM fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ti gbàgbé láti ọjọ́ pípẹ́, ta ló máa kọ ọ́? X2 Elite lè yára tó bó ṣe wù ú, kò ní yanjú ìyẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń wo Panther Lake ju Qualcomm lọ. Bí Intel bá lè fún wa ní bátìrì tó súnmọ́ ti Snapdragon, tí printer Ìyá Kafé sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n ti borí. Wọ́n ní ó máa rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró kí àwọn tí kò gba owó lọ́wọ́ Intel dán an wò.

Fọ́tò_Àkúrẹ́ · 8 Oṣù Kejìlá

Ẹ̀yin ń sọ bátìrì, ẹ̀yin ń sọ RAM. Ihò SD card ńkọ́? Mo ń ya ìgbéyàwó. Lálẹ́ Sátidé, mo ti ní káàdì tó kún dẹ́nu, ìyàwó sì fẹ́ rí àwòrán mẹ́wàá kó tó sùn. Kí n wá máa wá àdápítọ̀ tí ọmọ iṣẹ́ mi gbàgbé sí gbọ̀ngàn?

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbí mọ̀ pé ariwo oníbàárà máa ń dé etí wọn. Ní 2016, Apple yọ ihò SD, HDMI àti MagSafe (ẹnu ṣájà onímágínẹ́ẹ̀tì) kúrò lára MacBook Pro, wọ́n fi USB-C nìkan sí i, wọ́n ní ọjọ́ iwájú nìyẹn. Kíbọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ tí wọ́n gbé jáde ní 2015 tún wà lára rẹ̀, èyí tí eruku bíńtín lè mú kí lẹ́tà kan máa tẹ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù yẹn dé kóòtù ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbà ní 2022 láti san $50 mílíọ̀nù. Ní oṣù Kẹwàá 2021, MacBook Pro olójú 14 àti 16 jáde: SD padà wá, HDMI padà wá, MagSafe padà wá. Ó tún nípọn díẹ̀ sí i! Kò sẹ́ni tó bínú. Ọdún márùn-ún gbáko la fi pariwo.

Ohun tí mo ń retí lára MacBook olówó pọ́ọ́kú yẹn kò pọ̀. Bó bá ti ní ihò USB-C méjì, mà á gbé e fún ọmọ iṣẹ́.

Ẹnjiníà_Ọ̀tígbà · 8 Oṣù Kejìlá

Fọ́tò, ọmọ iṣẹ́ yín á sunkún. iPhone 16 Pro tí wọ́n ti fẹ́ mú ṣíìpù yẹn, 8GB ni RAM rẹ̀. Bí MacBook náà bá jáde pẹ̀lú 8GB nínú ọdún tí RAM wọ́n báyìí, kò ní yà mí lẹ́nu. Apple tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní 8GB ní oṣù Kẹwàá 2024, tí wọ́n sọ Air M2 àti M3 di 16 láìfi kọ́bọ̀ kún un!

Fọ́tò_Àkúrẹ́ · 8 Oṣù Kejìlá

Fún yíyan àwòrán àti fífi ránṣẹ́, 8GB ti Mac á ṣe é. Kì í ṣe òun ló máa ge fídíò. Ẹ̀yin ẹnjiníà, gbogbo ẹ̀rọ lẹ fẹ́ kó lè ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ẹnjiníà_Ọ̀tígbà · 8 Oṣù Kejìlá

Nítorí pé lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rọ kan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ọ̀gá mi. Lónìí ó wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, lọ́dún méjì sí i ó ti di ti àbúrò rẹ̀ tó wọ yunifásítì, lẹ́yìn náà ó di ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Àdùkẹ́_Houston · 8 Oṣù Kejìlá

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹnì kankan ò tíì dárúkọ AI tó wà nínú lápútọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo ìpolówó tí à ń rí níbí. Láti oṣù Karùn-ún 2024 ni Microsoft ti gbé Copilot+ PC jáde, wọ́n ní ẹ̀rọ tó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ yẹn gbọ́dọ̀ ní NPU (apá tó ń ṣe iṣẹ́ AI) tó lè ṣe 40 TOPS, ìyẹn ìṣirò trílíọ̀nù 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àti RAM 16GB, ó kéré tán. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ẹ̀rọ ọ́fíìsì mi wà lára wọn. Mo ń wá ohun tí NPU yẹn ń ṣe fún mi yàtọ̀ sí pé ó ń fi ojú mi sí àárín fídíò bí mo bá wà ní ìpàdé. Recall tí wọ́n fi ń ṣe fọ́ńté, tó ń ya àwòrán gbogbo ohun tó bá hàn lójú kọ̀ǹpútà, ariwo ààbò tó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé oṣù Kẹrin 2025 ni wọ́n tó lè tú u sílẹ̀. Èmi pa á ní tèmi. Ìwé owó-orí àwọn oníbàárà ló ń wà lójú ẹ̀rọ mi, ta ló fẹ́ kí wọ́n máa ya àwòrán rẹ̀?

Àǹfààní kan ṣoṣo tí mo rí ni 16GB yẹn. AI ló jẹ́ kí wọ́n fún wa, AI kan náà ló tún fẹ́ gbà á padà gẹ́gẹ́ bí Ẹnjiníà ṣe wí. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á.

Àdìsá, ẹ má fi dọ́là kan kún owó nítorí AI tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara páálí.

Olùkọ́_Ìṣẹ́yìn · 9 Oṣù Kejìlá

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé CES kò ní gbọ́. Kíbọ́ọ̀dù. Mò ń kọ́ni ní Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìbéèrè ìdánwò ni mò ń tẹ̀. Lẹ́tà ẹ kan ṣoṣo tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, ìka mélòó ni mo máa fi tẹ̀ ẹ́? Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows láti ọjọ́ pípẹ́, ti Haúsá àti ti Ìgbò náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun kankan lójú bọ́tìnì tó máa fi ibi tí nǹkan wà hàn mí. Ní ọwọ́ Mac, mo gbọ́ pé wọ́n ń lo ABC Extended. Faransé ní tirẹ̀, Jámánì ní tirẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sójú bọ́tìnì. Àwa tó ń ra tòkunbọ̀ tiẹ̀ ń bá ti Jámánì pàdé, tí Y àti Z ti pààrọ̀ àyè!

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀ · 9 Oṣù Kejìlá

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òótọ́ ni ti Mac: ẹ tẹ Option pẹ̀lú x, lẹ́yìn náà ẹ tẹ e, ẹ̀ẹ́ rí àmì lábẹ́ rẹ̀. Z àti Y yẹn ti jẹ́ kí n kọ "zear" sínú iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àdìsá_Abẹ́òkúta · 10 Oṣù Kejìlá

Ẹ ṣé púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mi ò dúró de CES mọ́. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kó wá tòkunbọ̀ tó gba Windows 11, tó ní 16GB. Ó rí méjì lọ́dọ̀ ẹnì kan náà níbẹ̀, Dell méjèèjì, 2021 méjèèjì, owó wọn ò jìnnà síra: Latitude 7420, RAM 16GB, ó tín-ín-rín, ó rẹwà. Èkejì ni Latitude 5420, òun nípọn díẹ̀, 16GB wà nínú ihò kan, ihò kejì ṣófo. Èwo ni kó mú?

Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, a ti ní sólà kékeré nílé báyìí, bátìrì 12V kan àti inverter. Ṣé kò ní jẹ iná jù?

Táyé_Peckham · 10 Oṣù Kejìlá

7420 ni tèmi. Ẹ̀yin tó ń gbé e káàkiri lọ bá oníbàárà, ẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lára pé ó fúyẹ́.

Ẹnjiníà_Ọ̀tígbà · 10 Oṣù Kejìlá

5420. Wọ́n jó RAM ti 7420 mọ́ bọ́ọ̀dù, 16 yẹn ló máa bá a dójú ikú. Ẹ̀yin ń ge fídíò, lọ́jọ́ tí owó RAM bá rọlẹ̀, ẹ máa ki 16 mìíràn sínú ihò kejì. Bí kíbọ́ọ̀dù bá bàjẹ́, ó pọ̀ ní Ọ̀tígbà. Táyé ni kó máa gbé 7420 kiri, ọkọ̀ ojú irin ló ń wọ̀.

Ní ti sólà: bẹ́ẹ̀ bá gba inverter kọjá, 12V máa di 220V, ṣájà á tún sọ ọ́ di 20V, iná ń dànù ní ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì. Méjèèjì ń gba iná láti ihò USB-C. Ẹ ra ṣájà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oní-USB-C tó lè gbé 65W, kí ẹ so ó mọ́ bátìrì 12V yẹn tààrà, pẹ̀lú fíùsì. Inverter lè máa sùn. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí òfin Yúróòpù tó máa mú lápútọ́ọ̀pù láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2026, pé gbogbo tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba iná láti USB-C. Bó bá fi máa di tòkunbọ̀ lọ́wọ́ wa, ọ̀rọ̀ ṣájà ẹnu róbótó àti ẹnu gígùn á ti di ìtàn.

Kí ẹ̀gbọ́n yín tó sanwó: kó ṣí Command Prompt, kó tẹ powercfg /batteryreport. Ìwé kan á jáde. Kó wo DESIGN CAPACITY, kó wo FULL CHARGE CAPACITY. Bí èkejì bá ti kéré sí ìdajì àkọ́kọ́, kó gba ẹ̀dínwó bátìrì. Kó pa á, kó tàn án, kó máa tẹ F2: bó bá béèrè password kó tó lè wọ BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó ń tan kọ̀ǹpútà), kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Kó nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kó so ó mọ́ Wi-Fi níwájú ẹni tó ń tà á. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ kan bá yọ pé kó wọlé pẹ̀lú íméèlì ọ́fíìsì, ẹ̀rọ náà ṣì wà lábẹ́ àṣẹ àwọn tó ni ín. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí Mac náà, ó sì máa ń le jù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń gbé irú rẹ̀ wá bá mi, mi ò ní ohun tí mo lè ṣe fún wọn.

Táyé_Peckham · 10 Oṣù Kejìlá

Ọkọ̀ ojú irin! Ẹnjiníà, ó dáa 😄 Ẹ mú 5420.

Àdìsá_Abẹ́òkúta · 13 Oṣù Kejìlá

Ó ti ra 5420. Bátìrì ṣì wà ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, BIOS ṣí láìbéèrè nǹkan kan, Wi-Fi kò mú orúkọ ẹnikẹ́ni jáde. Kíbọ́ọ̀dù ti UK ni, Y wà níbi tó yẹ kó wà. Ṣájà 65W wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá_Kafé_Bódìjà · 13 Oṣù Kejìlá

Ẹ kú oríire, ọmọ mi. Kílò mélòó ló kù nínú ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ? SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì kọ̀ǹpútà) kan péré ni mò ń wá, kò tóbi ju ìka lọ.

Fọ́tò_Àkúrẹ́ · 13 Oṣù Kejìlá

Èmi, SD card méjì.

Àdìsá_Abẹ́òkúta · 13 Oṣù Kejìlá

Ẹ̀yin àgbà, mo ti jáde kúrò lórí ọ̀rọ̀ yìí o 😂